Ẹ̀gbo Nínú Ọbẹ̀ Ṣàkì

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Houston. Ìgbà tí àwọn ará ilé bá ń jí ni èmi ń wọlé wá sùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo mẹ́jọ a ti lù kí n tó ṣílẹ̀kùn. Màá wẹ̀, màá po ògì díẹ̀, màá mu ún lórí ìdúró, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin ní kí a lọ jẹ brunch ní ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò kan tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo, mo ní kó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà dání, oorun ni mo fẹ́ sùn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì jókòó bá mi jẹun láti oṣù Kẹta."

Oṣù Kẹsàn-án la wà. Mo ronú ọjọ́ kan tí mo lè fi já a nírọ́, n kò rí. Yunifásítì ló wà, òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, tó bá sì wálé, èmi ni mo ń sùn. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wọ bùbá àdìrẹ kan tí n kì í sábà wọ̀, mo ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló da oúnjẹ àárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní brunch. Akọ̀wé ilẹ̀ wọn kan, Guy Beringer, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1895, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn sùn tẹ́rùn lọ́jọ́ Àìkú kó tó jẹun. Àwa Yorùbá ti ní orúkọ fún àkókò yẹn tipẹ́: ìyálẹ̀ta. Ìrì ti gbẹ, oòrùn ti ń ta, àwọn tó ti wà lóko láti àfẹ̀mọ́júmọ́ á wá ibi tí igi bá ṣíji bò, wọ́n á tú ohun tí wọ́n dì dání. Àwọn ará Mẹ́síkò náà ń pè é ní almuerzo. Nǹkan díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí ẹnu ní kùtùkùtù. Tó bá wá di agogo mẹ́wàá sí méjìlá, wọ́n á jókòó jẹ èyí tó máa gbé wọn ró. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń rò pé àṣà ọmọdé olówó ni. Ẹni tó ti roko tàbí tó ti ru ẹrù kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ni oúnjẹ ìyálẹ̀ta.

Ìdí mìíràn wà tí n kò fi kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Lọ́dún 2012 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sí ibì kan tí wọ́n pè ní ilé oúnjẹ Mẹ́síkò. Gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá ni wọ́n da wàràkàṣì pupa rúsúrúsú lé lórí títí n kò fi mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé oúnjẹ wọn kò bá mi lára mu. Nínú mọ́tò ni ọmọ mi ti là mí lọ́yẹ̀ pé oúnjẹ Texas lèyí tí mo jẹ yẹn, pé ìran tirẹ̀ ni, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ara Mẹ́síkò ni Texas títí di ọdún 1836; àwọn kan wà tó jẹ́ pé ààlà ló ré wọn kọjá, àwọn kò kúrò lójú kan. Ní Houston níbí, opó kan tó ní ọmọ márùn-ún, Ninfa Laurenzo, ṣí ilé oúnjẹ oní-tábìlì mẹ́wàá sí òpópónà Navigation lọ́dún 1973, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú yìí mọ fajita, ẹran yíyan tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́. Opó tó fi oúnjẹ tọ́ ọmọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti dìde lẹ́yìn rẹ̀ tó jẹ́ pé oúnjẹ abúlé àti ìlú inú Mẹ́síkò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sè, Puebla, Oaxaca, Yucatán. Hugo Ortega, ọ̀kan nínú wọn, àwo fífọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Houston; lọ́dún 2017 wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ James Beard, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn alásè Amẹ́ríkà sí. Irú ibi bẹ́ẹ̀ là ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe tirẹ̀.

Èrò tò síta. Ọmọ mi kọ orúkọ wa sílẹ̀, wọ́n ní ká dúró fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ojú mi ti ń wú fún oorun. Mo fara ti ògiri, mo sì ń kábàámọ̀, nígbà tí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn tí òórùn kan jáde wá.

Bí mo bá ní n ṣàpèjúwe òórùn náà fún ẹni tí kò dàgbà nílé ẹlẹ́kọ, bóyá kò ní yé e. Àgbàdo tútù tí omi gbígbóná ti wọ̀ lára ni. Kì í ṣe òórùn àgbàdo sísun ẹ̀bá títì, kì í sì í ṣe ti gúgúrú. Ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó ní ilẹ̀ nínú, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí amọ̀. Orí mi wú. Oorun dá lójú mi.

Iṣẹ́ tí Màámi fi tọ́ wa nìyẹn. Ọjà'ba ní Ìbàdàn ló ti ń ta ẹ̀kọ. Àgbàdo funfun ló máa ń rà. Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi rẹ ẹ́ sínú ìkòkò ńlá ẹ̀yìnkùlé, àwa ọmọ á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, tí a bá dé a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èèrí á ku sórí asẹ́, ti àwọn ewúrẹ́ ni. Ògì á rọ̀ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ á kan lókè. Kí àkùkọ tó kọ ni Màámi ti ń rò ó lórí iná igi, orógùn tó ga tó mi nígbà náà ló fi ń rò ó, á máa mí gùlẹ̀gùlẹ̀, eruku iná á máa ta sí i lápá. Ewé eéran ló fi ń dì í. Ó ń bù, ó ń ká a, ó ń gbé e kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró, kì í sì í wo ọwọ́ náà. Ojú rẹ̀ máa ń wà lára wa, kó lè mọ ẹni tó ń tòògbé. Èéfín ewé náà, omi ògì kíkan, èédú: aṣọ ilé ìwé mi kò bọ́ lọ́wọ́ òórùn yẹn rí bí mo ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni obìnrin kan.

Kò sí nínú ilé ìdáná tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Àárín ilé gan-an ni wọ́n tẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí, ẹni tó bá wọlé kò lè ṣe kó má gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó tó bí ẹni ọgọ́ta ọdún, ó di irun méjì sẹ́yìn, ó wọ épírọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe ọnà òdòdó sí láyà. Iná ń bẹ lábẹ́ irin pẹrẹsẹ fífẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní comal. Ó bu ìyẹ̀fun pípò lára ìṣù ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i roboto, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó sọ ọ́ sórí irin. Ó kà díẹ̀ nínú, ó fi ìka lásán yí i padà. Lẹ́ẹ̀kejì tó yí i padà, tọ́tíyà náà, búrẹ́dì àgbàdo pẹrẹsẹ wọn, fẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń fun fèrè, ó fi ìka kan án, afẹ́fẹ́ jáde, ó mú un kúrò. Gbogbo orí ìka rẹ̀ ló ti yi. Mo mọ irú ìka bẹ́ẹ̀. Iná kì í jó o mọ́.

Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ náà. Àwọn tó ń wọlé ló ń wò.

Ọmọkùnrin tó wá gba oúnjẹ tí a fẹ́ lọ́wọ́ wa rí i pé ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi gbọ́ èdè Sípéènì, ilé ìwé ló ti kọ́ ọ níbí, òun ló ń ṣe ògbufọ̀. Ọmọkùnrin náà kò kánjú. Ó ní àgbàdo tí wọ́n ń lò, láti Oaxaca ló ti ń wá, ó nàka sí i lórí mẹ́nù: orúkọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gbìn ín, àwọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ki ọmọ. Nǹkan bí 60 irú àgbàdo ìbílẹ̀ ni wọ́n ní ní Mẹ́síkò, funfun, pupa, dúdú, aláwọ̀ aró. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á se é pẹ̀lú cal, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta tí a sun jóná, wọ́n á sọ iná kalẹ̀, á wà nínú omi yẹn di ọjọ́ kejì. Èèpo rẹ̀ á ti rọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n á wá lọ̀ ọ́. Òun ni masa, ìṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn. Nixtamal ni orúkọ àgbàdo tí a ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè Nahuatl ni, èdè àwọn Aztec tí ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn ṣì ń sọ dòní. Eérú wà nínú orúkọ náà, nextli. Láyé àtijọ́ wọn, orí ọlọ ni àwọn obìnrin ti ń lọ̀ ọ́. Ọlọ ni, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é: òkúta pẹrẹsẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ ọlọ lórí rẹ̀, obìnrin lórí ìkúnlẹ̀. Metate ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ mi wá sí mi lọ́kàn nígbà tó dárúkọ eérú yẹn. Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní pellagra: awọ ara á máa bó níbi tí oòrùn bá ti ń pa á, inú á máa ṣí, tó bá pẹ́, iyè á rà. Ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní gúúsù Amẹ́ríkà níbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn tálákà tó jẹ́ pé àgbàdo ni àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ wọn. Wọ́n rò pé ó ń ràn ni. Dókítà Joseph Goldberger, tí ìjọba rán láti wádìí rẹ̀ lọ́dún 1914, ló fi hàn pé oúnjẹ ló fà á. Fítámìn kan wà nínú àgbàdo tí ara kò lè rí gbà àfi tí wọ́n bá fi eérú tàbí cal sè é. Àwọn Òyìnbó gba àgbàdo lọ́wọ́ àwọn ará Mẹ́síkò, wọn kò béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọ́n rí ìyá arúgbó tó ń da eérú sínú ìkòkò, wọ́n rò pé àìmọ̀kan ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ọgbọ́n yẹn ti wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé. Ó ń dùn mí bí mo bá rò ó. Ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀wà ló ń ti àgbàdo lẹ́yìn: àkàrà ló ń bá ẹ̀kọ rìn, ẹ̀wà ló ń bá ẹ̀gbo rìn. Màámi kì í jẹ́ kí ọmọ kankan jẹ ẹ̀kọ lásán, bí kò sí owó, yóò lọ ra àkàrà àwìn.

Oúnjẹ dé. Ọmọ mi jẹ chilaquiles. Tọ́tíyà àná ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín, wọ́n wá yí i nínú ọbẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ tí wọ́n fi irú èso kékeré kan lọ̀, ó jọ tòmátì tí kò tíì pọ́n, àmọ́ èèpo bíi ìwé ló ń wé e lára. Ẹyin díndín lókè, àlùbọ́sà, píà, wàrà funfun. Oúnjẹ àná tí wọn kò fẹ́ kó ṣòfò ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ta sánsán lẹ́nu, tó ṣì ń ró kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín, n kò lè sọ pé àjẹkù ni. Tamal wọn náà wá, nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo tú u, ooru bọ́ sí mi lójú. Ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́: "Mọ́mì, àbàrí nìyí!" Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí a kúrò ní Ìbàdàn, n kò mọ̀ pé ó rántí àbàrí.

Ohun mímu tí mo bèèrè pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó kan díẹ̀, ṣúgà rẹ̀ ò pọ̀. Agua de jamaica ni wọ́n kọ síbẹ̀. Sóbò ni. Ìṣápá pupa tiwa ni wọ́n rẹ, tí wọ́n sì bu yìnyín sí. Láti Áfíríkà ni ewéko náà ti wá, ó sì ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ wọn débi pé wọ́n ń pè é ní tiwọn. N kò bínú sí ìyẹn. Ṣebí àwa náà ń pe àgbàdo ní tiwa.

Ohun tí èmi bèèrè ni ọmọ mi ò lè wò. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sè é, menudo ni orúkọ rẹ̀. Ọbẹ̀ ṣàkì ni. Wọ́n gbé e wá nínú abọ́ amọ̀, ó pupa, ooru ń rú lára rẹ̀, wọ́n to àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, ata gbígbẹ gígún, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé olóòórùn kan tó ti gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kí olúkúlùkù fi sí i bó bá ṣe wù ú. Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́. Ṣàkì náà rọ̀, àmọ́ kò rọ̀ jù, ó ṣì ṣeé fi eyín rún. Ẹsẹ̀ màlúù wà níbẹ̀, ó ti jẹ́ kí omi ọbẹ̀ náà máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ṣíbí kejì, nǹkan funfun kan roboto bá a wá. Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́, ó di ẹ̀kọ lẹ́nu.

Ẹ̀gbo ni.

Àgbàdo funfun tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sè títí ó fi là bí òdòdó. Àwa ń fi odó gún tiwa kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, àwọn ń fi cal bó tiwọn, ibì kan náà ni wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí. Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé ṣé kò dùn ni. Mo ní ó dùn. Ẹnu mi kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí nǹkan kan tí n kò tíì sọ fún un rí ló rú sókè sí mi lọ́kàn.

Mo wà ní kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ olówó pọ̀ níbẹ̀. Àǹtí mi kan ló bá wa wá ọ̀nà tí mo fi wọlé. Wọ́n lé wa nítorí owó ilé ìwé, Màámi sì gbé owó náà wá fúnra rẹ̀, láti ọjà. Ìró tó fi ń ṣiṣẹ́ ló ró, ògì ti gbẹ sí etí rẹ̀ funfun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń wá mi. Ọmọ tó jókòó tì mí bi mí pé, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹlẹ́kọ àdúgbò wa ni."

Ó gbọ́. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ nítorí pé kò pe orúkọ mi mọ́. Tíṣà ló gbé owó náà fún, ó ní kó bá òun fún ọmọ náà. Ó kí gbogbo wa, ó lọ. Nígbà tí mo délé, ó bu oúnjẹ fún mi bí ó ti máa ń bù ú. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà rí títí di òní.

Ó sì rèé, mo jókòó ní ilé tí wọ́n fi àwo funfun jẹun, tí mo san dọ́là 19 fún ọbẹ̀ ṣàkì, àwọn ènìyàn sì tò sí iwájú iṣẹ́ ọwọ́ irú ìyá mi, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Mo bi ara mi bóyá owó tí wọ́n ń san fún obìnrin yẹn tó bí wọ́n ṣe ń yẹ́ ẹ sí. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilé oúnjẹ yìí kò fi ẹlẹ́kọ rẹ̀ pamọ́. Lọ́dún 2010, àjọ UNESCO kọ oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò mọ́ àwọn àjogúnbá aráyé, inú mi sì dùn fún wọn; síbẹ̀, ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé àárín ilé ni wọ́n gbé iná rẹ̀ sí. Àwọn ilé oúnjẹ tiwa tí mo mọ̀ ní Houston, jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, iyán wà níbẹ̀, ẹran díndín wà níbẹ̀. N kò tíì rí èyí tó tẹ́ tábìlì fún ẹ̀kọ àti àkàrà ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n sì gbé ẹni tó ń dì í síbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti tó o. Bóyá ọ̀pọ̀ wa ló ti sọ irú ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì yẹn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ń sọ fún ọmọ mi ohun tí mo mọ̀ nípa àgbàdo, bóyá kí n má bàa sọ èyí tó kù. Àfonífojì odò Balsas ní gúúsù Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ koríko ìgbẹ́ kan di àgbàdo, ó ti tó nǹkan bí 9,000 ọdún. Àwọn Maya, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan níbẹ̀, gbà pé ìyẹ̀fun àgbàdo ni àwọn òrìṣà fi mọ ara ènìyàn, bí àwa ṣe gbà pé amọ̀ ni Ọbàtálá fi mọ ọ́n. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn Potogí gbé e dé etíkun wa, ọkọ̀ wọn sì ń kó ènìyàn lọ sí òdìkejì òkun. Wọ́n kó àwọn kan dé Mẹ́síkò pẹ̀lú. Apá tó pọ̀ nínú àfonífojì Balsas yẹn, ìpínlẹ̀ Guerrero ló wà. Orúkọ Vicente Guerrero ni wọ́n sọ ìpínlẹ̀ náà, ààrẹ Mẹ́síkò tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, òun ló sì fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ lọ́dún 1829. Ọmọ mi tẹ bíréèkì níwájú iná pupa, ó wò mí. "Mọ́mì, ṣé ibi tí àgbàdo ti wá ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbà wa a máa ṣàdúrà pé ìhòòhò ni àgbàdo wọ ilẹ̀ lọ, igba aṣọ ló wọ̀ bọ̀. Mo ti ń ṣe àmín sí àdúrà yẹn láti kékeré, n kò sì ronú rí nípa bí ọ̀nà tó rìn ti gùn tó.

N kò sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo pe Màámi lórí WhatsApp. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kò ta ẹ̀kọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣe ògì tí òun fúnra rẹ̀ ń mu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, obìnrin náà, irin náà, ìka náà. Ó gbọ́ tán.

"Ẹ̀gbo ni," ló wí. "Wọ́n fi ẹ̀gbo sínú ọbẹ̀ ṣàkì. Ìyẹn á dùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní kíní yẹn ńkọ́, tí wọ́n fi ń sè é?"

"Cal, Màámi. Ó dà bí káún."

"Èmi náà máa ń fi káún díẹ̀ sí ẹ̀gbo kó lè tètè rọ̀. Àwọn kan ní kò dáa. Ó dáa."

Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú."

Kò bi mí pé kí ni. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àjọkẹ́," ló wí, "tí o bá padà débẹ̀, bá mi kí obìnrin yẹn. Sọ fún un pé ẹlẹ́kọ Ọjà'ba ló kí i."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó ráyè padà. Ọmọ mi ló bá mi sọ ọ́. Kò mọ ohun tó máa pe ẹlẹ́kọ ní èdè Sípéènì, ó ní tamalera, ẹni tó ń ta tamal, mo ní kó lò ó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà tẹ́tí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó bèèrè nǹkan kan. Ọmọ mi yíjú sí mi: "Ó ní ṣé àgbàdo funfun ni Grandma ń lò àbí pupa?"

"Funfun," mo wí. Mo nàka sí abọ́ funfun kan kó lè yé e.

Ó mi orí. Ó tún bèèrè pé ọjọ́ mélòó ló fi ń wà nínú omi. N kò dúró de ògbufọ̀ lórí ìyẹn, ọwọ́ tó fi ń bèèrè ti sọ ọ́. Mo na ìka mẹ́ta sókè. Ojú rẹ̀ là. Ó na ọ̀kan tirẹ̀ sókè, òru kan péré, ó fi ojú wọn mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kan, ó sì mú tọ́tíyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú lórí irin, ó fi lé mi lọ́wọ́ láìfi nǹkan kan dì í.